Gíráíńdà: Ẹ̀rọ Tó Ń Sáré Ju Ọwọ́ Ẹni Tó Dì Í Mú Lọ

Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ṣòro kéèyàn rìn láti Lágere dé Sábó lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ láìgbọ́ ìró rẹ̀. Ìró náà ga, ó sì máa ń han etí. Bó bá ti ń dún, ìpẹ́pẹ́ iná á máa tú yàà jáde lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ajórin fi ń gé irin géètì àti irin ojú fèrèsé. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń họ ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára ọkọ̀. Àwọn tó ń tẹ́ táìlì fi ń gé táìlì, àwọn agbẹ́gilére àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ idẹ náà sì ti ń lo irú rẹ̀ tó kéré. Gíráíńdà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní fáílìn maṣíìnì. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ̀rọ àfọwọ́mú tó ń fi iná mànàmáná yí dísìkì kan bírí-bírí, kó lè gé nǹkan tàbí kó lè fá a.

Ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe àjèjì ní Ilé-Ifẹ̀. Irin ńlá tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládin wà láàfin Ọọ̀ni, ìtàn ìlú sì sọ pé alágbẹ̀dẹ ayé ìgbàanì ló ni ín. Àwọn orí idẹ tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ bí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ Ifẹ̀ ṣe mọ́ tó. Àmọ́, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọmọ owú alágbẹ̀dẹ àti gíráíńdà. Alágbẹ̀dẹ ló ń gbé ọmọ owú sókè, òun náà ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́, ó lè dá ọwọ́ dúró. Ẹni tó di gíráíńdà mú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, dísìkì náà ti yí ju ìgbà ogún lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ẹni náà tó tẹ súìṣì ló ti gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó máa dáàbò bò ó.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú ẹ̀rọ yìí dé sáyé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Albert J. Dremel dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Racine, ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1932. Lọ́dún 1935, ilé iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tó ń yí ṣóńṣó irin tàbí òkúta wẹ́wẹ́ lórí bí ìlù tí a fi ń lu ihò. Ìdílé ẹ̀rọ yẹn ni èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá àti àwọn agbẹ́gilére ń lò di òní. Gíráíńdà ńlá tí dísìkì rẹ̀ dojú kọ ẹ̀gbẹ́ wá lẹ́yìn ìyẹn: ilé iṣẹ́ Ackermann + Schmitt, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1954. Orúkọ tí wọ́n fi ń ta ọjà wọn, ìyẹn Flex, ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Jámánì ṣì fi ń pe gbogbo gíráíńdà títí dòní, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bú ní Omo.

Báwo ni eré dísìkì náà ṣe pọ̀ tó?

Gíráíńdà tó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ni èyí tí dísìkì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 115, ìyẹn íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yí ní nǹkan bí ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá yẹ ara dísìkì náà wò, ẹ máa rí iye tó pọ̀ jù tó lè gbà: fún dísìkì mìlímítà 115, iye náà sábà máa ń jẹ́ 13,300. Fún ti mìlímítà 180, ó jẹ́ nǹkan bí 8,500. Fún ti mìlímítà 230, ìyẹn íǹṣì mẹ́sàn-án, nǹkan bí 6,600 ni. Ìlà pupa tó wà lára ọ̀pọ̀ dísìkì sì ń sọ ohun kan náà lọ́nà mìíràn: ó ń sọ pé etí dísìkì náà kò gbọ́dọ̀ sáré ju mítà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí ti ọkọ̀, ìyẹn jẹ́ kìlómítà 288 ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, àní lọ́wọ́ awakọ̀ tó ya wèrè jù pàápàá.

Kí nìdí tí dísìkì ńlá fi gbọ́dọ̀ yí díẹ̀díẹ̀ ju kékeré lọ? Ìdí ni pé bí dísìkì bá ṣe fẹ̀ tó ni etí rẹ̀ ṣe máa sáré tó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iye ìgbà tó ń yí kò yí padà. Àwọn ọmọdé tó ń di ọwọ́ ara wọn mú yí po lágbàlá mọ èyí dáadáa: ẹni tó wà láàárín ń rọra yí ni, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń sáré. Ẹni náà ni ọwọ́ máa ń já mọ́ lọ́wọ́.

Níbí yìí gan-an ni ewu tó burú jù ti ń wọlé. Dísìkì kékeré máa ń jẹ tán kíákíá. Ti ńlá máa ń pẹ́, ó sì máa ń wọ inú irin jinlẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ kan á tú ìbòrí irin tó bo ìdajì dísìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní gáàdì, kúrò lára gíráíńdà kékeré, á sì de dísìkì íǹṣì méje tàbí mẹ́sàn-án mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ṣe. Dísìkì mìlímítà 230 tó ń yí ní ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ní etí tó ń sáré ní nǹkan bí mítà 132 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 477 ní wákàtí kan. Agbára tó ń fa dísìkì náà ya kì í sì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìfàya di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí gíráíńdà tí a ń sọ yìí, agbára tó ń fa dísìkì ya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ṣe é fún. Bó bá fọ́, ohun kan ṣoṣo tó lè dá àwọn àfọ́kù rẹ̀ dúró, ìyẹn gáàdì, ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní igun ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan máa ń sọ pé, “A ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe wá.” Òótọ́ ni pé dísìkì lè má fọ́ lónìí, kó má sì fọ́ lọ́la. Wọ́n ṣe é kó lágbára ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Àmọ́, ó kàn fẹ́ kí ó kọsẹ̀ díẹ̀ lára irin ni, tàbí kí ó ti ní sísán kékeré kan tí ojú kò rí. Àwọn àfọ́kù rẹ̀ máa ń lọ tààrà sí ibi tí etí dísìkì dojú kọ, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ ojú, ọrùn tàbí itan ẹni tó dì í mú. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á máa wádìí ẹni tó rán an sí i, wọ́n á ní kì í ṣe ojú lásán. Ó dá mi lójú pé ó máa sàn jù kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí gáàdì wà.

Tókùnbọ̀ àti iná NEPA

Ọ̀pọ̀ gíráíńdà tó wà lọ́jà wa jẹ́ tókùnbọ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti lò lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá. Èyí tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì máa ń bá iná wa mu, torí pé fólíìtì 230 tàbí 240 làwọn náà ń lò nílé. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Fólíìtì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo pátákó kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà. Iye fólíìtì rẹ̀ máa wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa láìlo ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, kì í ṣe pé ó máa jóná nìkan. Kó tó jóná, ó máa kọ́kọ́ sá eré àsápajúdé, dísìkì tó wà lórí rẹ̀ sì lè fọ́ yángá kí ẹni tó dì í mú tó ráyè pa súìṣì. Ẹni tó fẹ́ ra tókùnbọ̀ ní láti ka pátákó yẹn kó tó na owó, kó sì béèrè bóyá gáàdì àti ọwọ́ ìdìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti sọ gáàdì rẹ̀ nù kì í ṣe ọjà ẹ̀dínwó rárá.

Ewu kan tún wà tí ìwé ìlànà tó ń bá ẹ̀rọ wá láti òkèèrè sábà máa ń fi ìlà kan péré sọ, tó sì jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa ó yẹ kó gba odindi ojú ìwé. Oníṣẹ́ kan ń gé irin lọ́wọ́, iná lọ. Ó gbé gíráíńdà sórí bẹ́ǹṣì, ó lọ mu omi. Kò rántí pé súìṣì ṣì wà ní títẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ gíráíńdà ní ohun tó ń dá súìṣì dúró kí ìka má bàa rẹ èèyàn. Nígbà tí iná bá dé, gíráíńdà á fò sókè lórí bẹ́ǹṣì, dísìkì á máa yí, wáyà rẹ̀ á sì máa fà á kiri láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Àwọn gíráíńdà kan wà báyìí tí kì í dédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí iná bá padà dé, àfi kéèyàn pa súìṣì kó tó tún tàn án. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, bí iná bá ti lọ báyìí, ẹ pa súìṣì, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí jẹnẹrétọ̀ bá kú nítorí epo.

Bí a ṣe ń yan dísìkì, tí a sì ń dè é

Dísìkì ìgérin tín-ín-rín, ó lè má nípọn ju mìlímítà kan lọ. Ti ìfárin nípọn tó nǹkan bí mìlímítà mẹ́fà. Ẹnu etí nìkan ni ti ìgérin fi ń ṣiṣẹ́. Kò lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gé irin tán tó wá ń fi ẹ̀gbẹ́ dísìkì tín-ín-rín yẹn fá ibi tó gé, kó lè dán, ń ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ìfárin, kí ẹ sì dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀ lára irin.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan máa ń de abẹ́ ayùn eléyín, irú èyí tí wọ́n fi ń la pákó, mọ́ gíráíńdà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi gíráíńdà ṣe, èyí wà lára àwọn tó burú jù. Eyín ayùn máa ń gán igi, ẹ̀rọ náà á sì já gbà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ abẹ́ ayùn ni wọn kò sì ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ayùn iná tí wọ́n ṣe fún pákó ní ìbòrí tirẹ̀ àti ibi tó ń jókòó lé lórí igi. Gíráíńdà kò ní in.

Ẹ tún wo irin róbótó tó wà láàárín dísìkì. Wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún sí i lára. Lẹ̀ ni wọ́n fi mú eruku líle tí wọ́n fi ṣe dísìkì pọ̀, lẹ̀ náà sì máa ń gbó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é ni wọ́n gbà pé ó ti parí. Ọ̀rinrin ń tètè bà á jẹ́. Dísìkì tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé rẹ̀ ń jò láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé òpin rẹ̀, tàbí tí wọ́n pàtẹ sí ojú oòrùn lẹ́bàá títì, lè dà bí tuntun lójú. Ibi gbígbẹ, tó tẹ́jú, tí kò sí ohun wíwúwo lórí rẹ̀ ló yẹ ká tọ́jú rẹ̀ sí. Èyí tó bá ṣubú sórí kọnkéré, ẹ dá a sí méjì kí ẹ sì jù ú nù, kí ọmọ iṣẹ́ má bàa ṣà á lò.

Kí ẹ tó pààrọ̀ dísìkì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Kì í ṣe pé kí ẹ pa súìṣì nìkan. Sípánà tó bá ẹ̀rọ náà wá ni kí ẹ fi tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣísẹ́lì àti òòlù lù ú. Bí ihò dísìkì bá tóbi ju ọ̀pá tó ń gbé e lọ, kì í ṣe ti ẹ̀rọ yẹn. Ẹ má ṣe fi wáṣà dí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn, kí ẹ sì jẹ́ kó yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fi kan irin. Bó bá ń gbọ̀n lọ́nà tí kò bára dé, ẹ pa á.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ta padà

Yàtọ̀ sí pé dísìkì lè fọ́, ohun mìíràn tó sábà máa ń gé èèyàn ni pé kí gíráíńdà ta padà. Bí irin tí wọ́n ń gé bá pa ẹnu dé mọ́ dísìkì, dísìkì náà á dúró gbọnin, gbogbo agbára tó wà nínú ẹ̀rọ á sì gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ sí òdìkejì. Irin gígùn tí wọ́n gbé lé nǹkan ní orí àti ní ìdí, tí wọ́n wá ń gé láàárín, ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí pé bí wọ́n bá ti fẹ́ gé e já ni àárín rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, tí ojú ibi tí wọ́n gé á sì pa dé. Ṣe ni kí ẹ fi fáìsì tàbí kílámùpù mú apá kan irin náà ṣinṣin, kí èyí tí ẹ fẹ́ gé kúrò lè já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ irin mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá máa gé e. A máa ń rí èyí lójoojúmọ́, sálúbàtà ló sì máa ń wà lẹ́sẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi di gíráíńdà mú, kí ọwọ́ kan wà lára ọwọ́ ìdìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró síbi tí etí dísìkì kọjú sí. Ẹ yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ṣe gé ohun tó ga ju èjìká yín lọ, ẹ má sì dúró lórí àkàbà tí kò dúró ire. Bí ẹ bá ti pa súìṣì, dísìkì ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ títí yóò fi dúró pátápátá. Aṣọ tó fẹ̀, okùn ọrùn, ìborùn tàbí irun dídì tó gùn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ìbọ̀wọ́ awọ dára fún un. Èyí tí wọ́n fi òwú hun, tí fọ́nrán rẹ̀ ń já, lè lọ́ mọ́ ohun tó ń yí kó sì fa ìka wọ̀ ọ́.

Ojú: ohun tí a kì í rí rà lọ́jà

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ojú ni gíráíńdà máa ń tètè bà jẹ́. Ìpẹ́pẹ́ iná tó ń tú jáde yẹn kì í ṣe iná lásán. Irin wẹ́wẹ́ tó gbóná ni, pọ̀ mọ́ ìwọ́ dísìkì. Bó bá lẹ̀ mọ́ awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ó máa ń dípẹtà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ìpẹtà náà á sì fi àmì róbótó sílẹ̀ tó lè ṣú ojú. Èyí tó bá sáré jù máa ń gún ẹyinjú wọnú. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé irú èyí lè má fi bẹ́ẹ̀ dunni. Oníṣẹ́ náà á fọwọ́ nu ojú, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí irin náà bá wà níbẹ̀, ó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, kó sì ba ojú náà jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń tà lórí àtẹ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè fọ́ sínú ojú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Awò ààbò gidi máa ń ní àmì lára: EN 166 ni ti ilẹ̀ Yúróòpù, Z87 sì ni ti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ń gé nǹkan, tàbí tí ẹ ń lo búrọ́ọ̀ṣì wáyà, tí fọ́nrán rẹ̀ máa ń já tó sì máa ń fò bí abẹ́rẹ́, ẹ tún fi ìbojú oníke bo gbogbo ojú lé awò náà. Ẹni tó ń bá yín di irin mú nílò awò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà tó dúró tì yín tó ń sọ pé kí ẹ ṣe kíá. Bí kò bá ní awò, kó lọ jókòó síta.

Bí nǹkan bá ti bọ́ sójú ńkọ́? Ẹ má ṣe fọwọ́ ra á. Bó bá jẹ́ eruku lásán, omi tó mọ́ lè ṣàn án kúrò. Bí kò bá lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi ìṣáná, ìyẹ́ adìyẹ tàbí etí aṣọ yọ ọ́. Omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà àti àgbo tí àwọn kan ń kán sójú kò lè yọ irin, kòkòrò àrùn ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Bí ẹ bá fura pé ohun kan ti gún ẹyinjú, ẹ má ṣe fà á yọ, ẹ má sì tẹ ojú náà. Ẹ fi ìsàlẹ̀ ife bébà tó mọ́ bò ó láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, kí ẹ sì gbéra lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àǹfààní tí àwọn ará Ifẹ̀ ní tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní ni pé Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà láàárín ìlú wọn, ó sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀yin ń lo gíráíńdà. Gbólóhùn yẹn máa jẹ́ kó mọ ohun tó yẹ kó wá.

Ó tún yẹ kí ẹ sọ ọ́ níbòmíràn. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI ní òòfà tó lágbára gan-an. Lọ́dún 1986, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn ọ̀ràn ẹnì kan tí ojú rẹ̀ kan fọ́ nítorí pé irin kékeré kan wà nínú ẹyinjú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ irin rí, bó ti wù kó pẹ́ tó, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e wọ ibẹ̀.

Eruku, ariwo àti iná

Ìjókòó òkúta quartz kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London, tí Ọọ̀ni Adélẹ́kàn Olúbùṣe Kìíní fún Gómìnà Gilbert Carter lọ́dún 1896. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ni. Ohun tó wà nínú òkúta yẹn náà ló wà nínú òkúta líle tó yí wa ká, nínú kọnkéré, búlọ́ọ̀kù àti ọ̀pọ̀ táìlì. Bí gíráíńdà bá lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ á kúná débi pé ojú kò ní rí èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Eruku yìí máa ń dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọgbẹ́ náà kì í sì í san. Láti ọdún 1997 ni àjọ tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Áńkáṣíìfù tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ẹ da omi sí ohun tí ẹ ń gé bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi lẹ ń lò, tàbí kí ẹ lo ìbomú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára, kó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára géètì àti ọkọ̀ lè ní òjé nínú. Eruku tirẹ̀ náà ń fẹ́ ìbomú, kò sì yẹ kí ẹ gbé aṣọ iṣẹ́ wọlé bá àwọn ọmọ.

Ariwo gíráíńdà sábà máa ń tó dẹ́síbẹ́lì 100. Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ ni etí lè gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ láìsí ewu. Ẹ wá ohun ìdíwọ̀ etí.

Ní ti iná, ẹ̀ta iná gíráíńdà lè fò kọjá mítà mélòó kan, nígbà ọyẹ́ sì rèé, koríko gbígbẹ, ìfárí pákó àti fóòmù àga kì í pẹ́ gbiná. Àmọ́, èyí tó ń pa èèyàn ni àgbá epo. Àgbá tó ti gbé bẹntiróòlù rí, tí wọ́n rò pé ó ti ṣófo, kún fún ooru epo, ooru yẹn sì ń bú gbàmù ju epo fúnra rẹ̀ lọ. Fífọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọṣẹ kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà. Ẹ má ṣe fi gíráíńdà kàn án. Ẹ gbé e fún àwọn tó ní irinṣẹ́ láti mú ooru epo kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti kékeré náà ńkọ́?

Ẹ̀rọ kékeré irú ti Dremel máa ń yí tó ìgbà 35,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ti gíráíńdà lọ. Torí pé ohun orí rẹ̀ kéré, kò ní agbára láti gé ọwọ́ já, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lórí ló lè gba eré yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà rẹ̀, bí àpẹẹrẹ, kò gbọ́dọ̀ kọjá 15,000. Dísìkì rẹ̀ tín-ín-rín bíi páálí, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀, ó ti ṣẹ́ nìyẹn, àwọn ègé rẹ̀ á sì fò lọ sójú, torí pé ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ máa ń gbé ojú sún mọ́ ọn. Awò ojú kò ṣeé mú kúrò níbẹ̀ náà.

Àwọn ọmọ iṣẹ́

Ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń di gíráíńdà mú jù nínú ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ní awò, tí kò ní bàtà, tí kò sì lè sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n dá gáàdì padà sára ẹ̀rọ. Òbí tó bá mú ọmọ lọ fún iṣẹ́ kíkọ́ máa ń béèrè iye ọdún tó máa lò àti iye owó ìgbàṣẹ́. Ó yẹ kó tún béèrè ẹni tó máa ra awò ojú, kó sì wo ara gíráíńdà tó wà lórí bẹ́ǹṣì kó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Òfin náà kò gbàgbé wọn. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́dún 2010 ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn mọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán. Àjọ NSITF ló ń bójú tó owó náà, agbanisíṣẹ́ ló sì ń dá a, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Owó náà wà fún ìtọ́jú àti fún ẹ̀san ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ìdílé ẹni tó bá kú. Àwọn ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì kì í sábà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ yìí, àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn ajórin tàbí ti páńẹ́ẹ̀lì-bítà lè jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìpàdé wọn.

Títí dìgbà náà, ó yẹ kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù pàápàá sì mọ ohun tí wọ́n ń fi inú rẹ̀ ṣe. Bí dísìkì bá gé èèyàn, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gan-an, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọwọ́ wọn kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi dé ilé ìwòsàn. Kí wọ́n má ṣe da epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí iyẹ̀pẹ̀ sí i. Bí ìka bá já, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tí wọ́n fi omi rin díẹ̀ wé e, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n wá gbé ọ̀rá náà lé yìnyín láìjẹ́ kí yìnyín fúnra rẹ̀ kan ìka, kí wọ́n sì gbé e tẹ̀ lé ẹni náà. Ọgbẹ́ irin tún ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò jinlẹ̀, àyàfi bí ẹni náà bá lè rántí ọjọ́ tó gba ti ìkẹyìn, tí nọ́ọ̀sì sì sọ pé kò tíì pẹ́ jù.